Baba Olójú Kan Tí Wọ́n Kí Jù

Ìka ọwọ́ ọkùnrin náà ti ń funfun kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń ṣe géèmù. Kì í ṣe funfun ìyẹ̀fun o. Funfun inú ẹja ni, àwọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò níbẹ̀ tí ò sì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Bó bá délé tó na ọwọ́ sí iná sítóòfù, ọwọ́ ò ní kọ́kọ́ mọ̀ pé iná ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tó bá wá mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ìgbà tí èèrùn bá wọ inú ṣòkòtò èèyàn.

Kóòdù-rúùmù ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé gbàgede kan tí wọ́n ń kó páálí ẹja dídì sí, níbi tí èémí èèyàn ti ń rú bí èéfín lọ́sàn-án gangan. Òun ló ń to páálí, òun náà ló ń gbé e jáde fún mọ́tò. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Yìnyín, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó ẹ̀ gan-an, bí inú bá ń bí i, Yìnyín ló máa pè é.

Dókítà tó yẹ ọwọ́ náà wò ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá tún pẹ́ nínú òtútù yẹn, ìka yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, òkú ìka kì í sì í jí." Bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Yìnyín dúpẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́. Kí ni kó ṣe? Ẹni tó bá ní kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ṣebí ó yẹ kó fi ilẹ̀ hàn án. Iṣẹ́ míì wo ló mọ̀? Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹja, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, nǹkan tó kọ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá náà tó pa dé. Ìdí ẹja nìkan ló ti rí ẹni gbà á síṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ géèmù ti wọlé nìyí. Atukọ̀ arúgbó kan máa ń bá ọkọ̀ ẹja wá láti òkun ìhà àríwá. Bí wọ́n bá ń já ẹrù, baba náà ò ní gbé nǹkan kan, ẹnu ló máa ń gbé. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà kóòdù-rúùmù, á máa sọ ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti jẹ́ baba ayé. Ọ̀kan ń bẹ nínú wọn tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, olójú kan ni. Ó yọ ojú kejì fi ra omi ọgbọ́n mu. Ẹni tó fojú ra ọgbọ́n, àfi ká bi í bóyá ọgbọ́n ọ̀hún ò ti kéré tẹ́lẹ̀. Baba yìí ní ẹyẹ kannakánná méjì tó máa ń rán káàkiri ayé, tí wọ́n á padà wá sọ gbogbo òfófó sí i létí. Òmíì ní òòlù tó ń sán bí àrá. Òmíì sì tún wà tó jẹ́ elétekéte, tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ. Gbogbo wọn ń bẹ̀rù ìkookò kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ tó bá já, ayé parí nìyẹn. Okùn tí wọ́n fi dè é, nǹkan tí ò sí ni wọ́n fi hun ún: ìró ẹsẹ̀ ológbò, irùngbọ̀n obìnrin, èémí ẹja.

"Èémí ẹja?" Yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ ju páálí nù. "Baba, gbogbo ẹja tí mo ti gbé níbí, ká ní wọ́n ń mí ni, wọn ìbá ti kí mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìtàn náà bá a délé, ó bá a sùn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù kéde pé àwọn ń wá ẹni tó lè ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́: àwòrán oníhóró-hóró, àwọ̀ mélòó kan péré, gbogbo ẹ̀ kó gba orí díìsìkì kan ṣoṣo, kó sì ṣiṣẹ́ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ̀yìn ẹ̀ yọ bí ikùn aláboyún. Wọ́n ní àga kan ṣófo lọ́dọ̀ àwọn. Ẹni tí tiẹ̀ bá dùn mọ́ àwọn nínú lọ́jọ́ ìpàtẹ, òun ló máa jókòó síbẹ̀.

Àga! Nínú yàrá! Tí èèyàn á jókòó, tí á máa tẹ bọ́tìnì, tí kò ní gbé ẹja kankan! Yìnyín wo ọwọ́ ẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ fún un nígbà tí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ pa dé, èyí tí ìyàwó ẹ̀ ti ń gbé aṣọ oníbàárà lé lórí látọdún yìí wá. Télọ̀ ni ìyàwó, kò sí ibi títẹ́jú tó rí tí ò ní gbé aṣọ lé.

Ó kó aṣọ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Géèmù náà rọrùn mú. Àwòrán mẹ́rin wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Èèyàn á tẹ ojú láti wo nǹkan, á tẹ ọwọ́ láti mú un, á tẹ ẹsẹ̀ láti máa lọ. Á tẹ ẹnu láti kí èèyàn. Ìrìn àjò lọ sí ìsàlẹ̀ òkè ni, láti tún okùn ìkookò so kó tó já. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ baba olójú kan lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà, baba náà ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún aláìkíni. Yìnyín fi nọ́ńbà kan pamọ́ sí baba náà lára, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń kí i ló ń lọ sókè, bó bá ṣe ń lọ sókè ni inú baba ń yọ́. Kò kà á nínú ìwé kankan. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó wò ó dàgbà ló kọ́ ọ: ẹni tí ò kíni ò gbọdọ̀ tọrọ nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ yìí ni gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Akíni. Yàrá tó kángun sí tiwọn ló ń gbé. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í rí, kò sì sí ẹni tí kì í kí. O jókòó, ẹ kú ìjókòó. O dìde, ẹ kú ìnàró. O ń bínú, ẹ kú ìbínú. Àwọn aládùúgbò ní bí olè bá wọ yàrá ẹ̀, á kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn àkàsọ̀ tó gùn wá, kó tó wá pariwo.

Yìnyín parí géèmù, ó gbé díìsìkì lọ síbi tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá. Akọ̀wé ibẹ̀ fi í sínú àpò, ó lẹ ẹnu ẹ̀ pa. Ó ní, "Ó tán. Eléyìí náà la máa fi sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìpàtẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́." Ara Yìnyín fúyẹ́. Ó ṣe bí ẹni tó ti jókòó lórí àga ọ̀hún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Akíni yọjú sí pálọ̀ wọn. Ìyàwó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, Yìnyín na ẹsẹ̀ sórí ṣọ́fà.

"Ẹ kú ilé o. Ẹ kú aṣọ. Ẹ kú ẹsẹ̀ nínà," ó ní, ó wo Yìnyín. "Kí ni wọ́n ń ṣe lára àpótí yìí tí ọmọ mi ò fi rójú kí mi mọ́?"

"Géèmù ni, Màmá. Ẹ wá bá mi dán an wò."

Ó jókòó. Ìyàwó ń bá a ka ohun tó bá jáde sójú kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì kúrò lórí ẹ̀rọ. Bí Ìyá Akíni ṣe dé ẹnu ọ̀nà baba olójú kan, ó tẹ ẹnu. Baba dáhùn, ó ní òun kí àlejò káàbọ̀ nínú òtútù. Wọ́n jọ wọlé. Ó tún tẹ ẹnu.

"Ẹ ti kí i, Màmá," Yìnyín ní. "Ẹ tẹ ọwọ́ báyìí, ẹ gba ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

"Mo kí i káàárọ̀ ni. Mi ò tíì kí i kú òtútù. Àti ojú ẹ̀ tó fọ́ ńkọ́? Ṣé kéèyàn wọlé olójú fífọ́ kó má bá a kẹ́dùn ojú ni?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un lọ́wọ́. Yìnyín fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ pọn omi. Ohùn Ìyá Akíni ló gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ọmọ yìí! Baba rẹ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ o! Mo ń kí i lọ jẹ́jẹ́ mi, ó pè mí lólè, ó ní kí wọ́n gbé mi jù síta!"

Garawa bọ́ lọ́wọ́ Yìnyín. Ó sáré wọlé. Òótọ́ ni. Àwòrán èèyàn kékeré náà dúró sínú yìnyín, ìlẹ̀kùn ti tì, àfi kannakánná kan ṣoṣo lórí ọgbà.

"Kí lẹ tẹ̀, Màmá?"

"Ẹnu ni mo tẹ̀. Ṣebí ẹnu lo ní kí n máa fi kí i."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti tẹ nǹkan míì."

"Mo ní ẹnu ni. Ìyàwó rẹ ń wò mí. Bó ṣe wá lé mi jáde báyìí, mo fẹ́ lọ kí..."

"Ẹ dákẹ́ ná, Màmá! Ẹ jẹ́ kí n ronú!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an dákẹ́. Ìyá Akíni wo ọmọ tó fi ẹ̀yìn pọ̀n látorí dé ẹsẹ̀. Ó ká aṣọ ẹ̀ mọ́ra, ó dìde.

"Ó dáa. Mo dákẹ́," ló wí. Ó dágbére fún ìyàwó, ó dágbére fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò dágbére fún Yìnyín. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Yìnyín ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lọ. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kí baba, ó kí i, ó tún kí i, àfi ìgbà tí baba náà yí ojú kan ṣoṣo padà sí i tó sì pe òun náà lólè. Ìgbà yẹn ló wá yé e. Ẹ̀rọ àtijọ́ ò ní àpò ńlá. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi síbì kan, ó ní ibi tó mọ. Bó bá kún dé ẹnu, bí wọ́n bá tún fi ẹyọ kan lé e, kì í dà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń dànù lẹ́ẹ̀kan náà, tí ibẹ̀ á ṣófo, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kí baba yẹn rí. Àlejò tó bá sì wà nínú pálọ̀ baba láìkí i, Yìnyín fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni, kí wọ́n jù ú síta kí wọ́n tìlẹ̀kùn. Látinú ìkíni ló ti bọ́ sínú olè! Ta ló máa rò ó? Ọ̀dọ́mọdé wo ló máa kí èèyàn títí tí àpò fi máa dànù?

Ó sáré lọ bá akọ̀wé. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun pààrọ̀ díìsìkì.

"Tí mo bá ṣe é fún yín, ẹni tó kàn á ní kí n ṣe é fóun náà," akọ̀wé ní. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ máa lọ, ẹ lọ máa retí ọjọ́ náà."

Retí! Bí wọ́n bá ní kéèyàn máa retí ẹgba, ṣé èyí tí wọ́n ò tíì nà án yẹn kì í ta á ni? Títí ọjọ́ ìpàtẹ fi pé, oúnjẹ ò lọ lọ́fun Yìnyín. Níbi iṣẹ́, páálí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹja fọ́n káàkiri bí ẹni tú ilé ìwé ká. Ọ̀gá kóòdù-rúùmù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Yìnyín, ọwọ́ rẹ ni àbí orí rẹ?"

"Ọwọ́ ni, sà." Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́. Kò mọ̀ ọ́n lára rárá nígbà tí páálí bọ́. Ìka méjì tó kángun ò sọ nǹkan kan fún un.

Ìyàwó gbìyànjú láti fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Gbọ́ mi. Àwọn èèyàn ìsinsìnyí, wọn ò kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á wá máa kí baba inú àpótí? Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ nìkan lẹni tó lè kí i débẹ̀, òun kọ́ ló máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ọgbọ́n ò kúkú ní kí àyà má já.

"Lọ bẹ Màmá," ìyàwó tún wí. "O kígbe mọ́ wọn."

"Bí gbogbo eléyìí bá tán."

Ọjọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n to tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀, ẹni tó ni géèmù á dúró sẹ́yìn àga. Ìyàwó tẹ̀ lé Yìnyín. Ìyá Akíni náà wá, ó wọ bàtà tuntun, ó ń kí gbogbo ẹni tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà àti tábìlì, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Yìnyín, ó yí ojú sí ògiri.

Àwọn tó kọ́kọ́ jókòó tì í, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Ìyàwó ò parọ́. Wọ́n kí baba lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń san owó ibodè, wọ́n gba ọ̀pá, wọ́n sá lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ gbìyànjú láti jí àga baba. Ọkàn Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin olórí ewú kan fa àga iwájú tábìlì jáde, ó fi gíláàsì tó so mọ́ ọrùn sójú. Òun ni ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá a yẹ iṣẹ́ wò dúró tì í.

Ó tẹ ojú, ó wo yìnyín, ó wo òkè. Ó dé ọ̀dọ̀ baba, ó tẹ ẹnu. Baba kí i káàbọ̀, wọ́n wọlé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Baba dáhùn lọ́nà míì, ó ní orúnkún ń ro òun nítorí òtútù. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe! Yìnyín ti kọ ìdáhùn rẹpẹtẹ síbẹ̀, ọ̀kan dùn ju èkejì lọ, kó má bàa sú aláyò. Ó wá di ìdẹ lójú ẹ̀. Obìnrin yìí fẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán.

"Mà," Yìnyín ní, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, "ẹ lè tẹ ẹsẹ̀ báyìí. Iwájú dùn wò gan-an."

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bá baba sọ̀rọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Baba sọ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ tó tà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Baba ń bi í nípa àwọn ará ilé ẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn Yìnyín, ọwọ́ ẹ̀ sì tutù bí ẹni pé ó di páálí mú. Ìyàwó di apá aṣọ ẹ̀ mú. Yìnyín mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí àpò kún, kò mọ ìwọ̀nba tó kù, ó ń gbàdúrà kí iná lọ, kí ẹnì kan pe obìnrin yìí, kí àga ṣẹ́.

Ọ̀gá tẹ ẹnu.

Ojú kan ṣoṣo baba pọ́n wá bí ẹ̀yinná. *Ta nìyí nínú ilé mi? Olè! Ẹ gbé e jù síta!* Àwòrán èèyàn kékeré náà fò fìrì gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó délẹ̀ nínú yìnyín. Ìlẹ̀kùn tì.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. "Kí ni mo ṣe fún un?"

Ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yíjú sí Yìnyín. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kó rí ni, àbí ó bàjẹ́?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu ẹ̀, ó ti rọ̀ bí ìrẹsì. *Àgbà tí wọ́n bá kí jù máa ń fura; bí mo ṣe ṣe é nìyẹn.* Ta ló máa mọ̀ pé irọ́ ni? Elétekéte inú ìtàn atukọ̀ gan-an ò lè rò ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín la ẹnu. Ó wá rí i tí Ìyá Akíni ti kúrò níbi ògiri tó ń wò tẹ́lẹ̀, tó ń wo ẹnu òun, bó ṣe máa ń wò ó ní kékeré bí ṣúgà bá dín nínú agolo.

"Àṣìṣe mi ni," ló wí. Ó ṣàlàyé àpò nọ́ńbà tó kún tó sì dànù. "Nígbà tí mo rí i, díìsìkì ti kúrò lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀nà ti dí nìyẹn?" ọ̀gá bi í.

"Ó ti dí, Mà. Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ lè kí níta. Àfi kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń wo tábìlì tó kàn. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì. Yìnyín rí àga ọ̀hún tó ń rìn lọ, bí ọkọ̀ tó fi èèyàn sílẹ̀ lébùúté.

Ẹnì kan wúkọ́.

"Kò dí," Ìyá Akíni ní.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ṣé kí n dákẹ́?"

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló yíjú. Yìnyín wò ó. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn wá padà sí i lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tó gé mọ́ ọn lẹ́nu: *bó ṣe wá lé mi jáde báyìí, mo fẹ́ lọ kí...*

"Ẹ má dákẹ́, Màmá. Ẹ forí jì mí. Ẹ sọ ọ́."

"Hẹ̀n. Ó mà ti wá mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀." Ìyá Akíni sún mọ́ ọ̀gá. "Ẹ kú àlejò, ìyáa wa. Ẹ kú ìtìjú tí baba yẹn fi kàn yín. Ẹ wo ẹyẹ yẹn lórí ọgbà. Ẹ kí i."

"Ẹyẹ?"

"Bí baba ilé bá ń bínú, ẹni tó ń bá a jíṣẹ́ lèèyàn ń kí. Ẹ kí i dáadáa."

Ọ̀gá tẹ ẹnu, ó fi sórí kannakánná. Ẹyẹ náà na ọrùn, ó fò wọ ojú fèrèsé lọ. Pẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ìlẹ̀kùn ṣí. Baba olójú kan yọrí. *Ẹyẹ mi ní ẹ ń kí mi. Ẹ wọlé, òtútù mú níta.*

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín débi tí gíláàsì fi bọ́ sí i láyà.

Yìnyín fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì ti gbàgbé pátápátá. Nítorí iwájú lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ihò ìkookò, ló ṣe kọ ọ́ pé ohun tí wọ́n bá bá ẹyẹ sọ, etí baba ló ń lọ. Kò rántí pé ẹyẹ kan náà ń bà lé ọgbà níbí.

Ọ̀gá ò dìde níbẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìkookò. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti àwọn tiẹ̀ wọ yàrá kan, wọ́n tìlẹ̀kùn. Yìnyín jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín obìnrin méjì. Ìyàwó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìka ẹ̀ tó funfun. Ẹni tó bá jáde, wọ́n á gbójú sókè; ẹni náà á kàn kọjá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Màmá," ó wí níkẹyìn, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yẹn? Ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"O ní kí n dákẹ́. Ṣé èmi náà ò gbọdọ̀ gbọ́ràn sí ọmọ mi lẹ́nu ni?"

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló dúró níbẹ̀.

"Àwọn kan níbí, tiwọn mọ́ ju tiyín lọ, ẹ má bínú," ó ní. Ọkàn Yìnyín já sí kòtò. "Ṣùgbọ́n bí géèmù bá lé mi síta, mi ò kí ń padà. Tiyín lé mi, mo sì padà. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa, ẹ tún àpò baba yẹn ṣe."

Ìyàwó pariwo. Ìyá Akíni bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ̀gá, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ojú rere, ó ń bá a lọ títí Yìnyín fi rọra fà á lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú un lọ síbi àga ẹ̀. Bó ṣe ti ẹsẹ̀ kan wọlé ni àyà ẹ̀ já. Yàrá náà tutù! Ẹ̀rọ kan lókè ògiri ń fẹ́ afẹ́fẹ́ òtútù wùù, wọ́n ní kí àwọn kọ̀ǹpútà má bàa gbóná. Ó jókòó. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan. Ìka méjì yẹn tún ń funfun lọ, lójú ẹ̀ báyìí. Ṣé ohun tó sá fún ló tún wá bá a níbí? Ẹni tó dé ibi iṣẹ́ lónìí, ẹnu wo ló máa fi ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ? Kí wọ́n ní ẹni ẹja yìí ti fẹ́ jọ̀gá? Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, kò tíì tẹ bọ́tìnì kankan. Ó wá yíjú sí obìnrin tó wà ní tábìlì tó tẹ̀ lé tiẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé. Ẹ káàbọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ò fara da òtútù. Ṣé ó ṣeé dín kù díẹ̀?"

Obìnrin náà ti dìde kó tó sọ ọ́ tán. Súwẹ́tà méjì ló wọ̀ sára. "Ẹni àlàáfíà! Ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti ń gbọ̀n níbí, kálukú ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀!" Ó fa àga, ó gùn ún, ó pa ẹ̀rọ náà.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Akíni ti wà ní pálọ̀ kó tó dé. Ó mú ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn bí ẹni ń ra ìlá.

"Ẹ kú àbọ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé o kí wọn kó o tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn?"

"Mo kí wọn, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni."

Ìyá Akíni rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Ó dáa," ó ní. "Má tíì kí wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ná."